Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn: Nígbà Tí Obìnrin Bá Dìde Ké Ewì

Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá, a ṣèlérí pé ewì alohùn tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ sí spoken word ni a ó fi ojú ewé yìí gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí, àti pé iṣẹ́ àwọn obìnrin tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun ni a ó gbájú mọ́, ìyẹn àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti Éṣíà, àti àwọn ará erékùṣù Kàríbíà. Lẹ́tà yín pọ̀ ju èyí tí àyè wa lè gbà lọ. A ti gé àwọn kan kúrú, a sì ti fi orúkọ gbogbo ẹni tó kọ wọ́n pamọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì sọ fún mi pé òun fẹ́ lọ ké ewì ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ó jẹ́ pé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú àti àwọn obìnrin mìíràn tí kì í ṣe òyìnbó nìkan ni yóò gorí ìtàgé. Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ya ara wọn sọ́tọ̀, ó ní kò lè yé mi. Ṣé ìyapa kọ́ nìyẹn? Kí sì ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tó fẹ́ ṣe yìí àti kí ènìyàn ṣí ìwé kó ka ewì inú rẹ̀ síta?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ìbéèrè yín kejì bẹ̀rẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́ wà.

Ewì tí a kọ fún ojú lè dúró de òǹkàwé. Bí gbólóhùn kan kò bá yé e, yóò padà sẹ́yìn, yóò sì tún un kà. Ewì alohùn kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde lẹ́nu akéwì ti lọ, etí tí kò bá sì gbá a mú ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń kọ ọ́ fi máa ń lo àwítúnwí, tí ó máa ń dákẹ́ díẹ̀ níbi tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọni lára, tí ó sì máa ń fi èémí ara rẹ̀ wọn gígùn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ àti bí ó ṣe fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú iṣẹ́ náà. Èrò tèmi ni pé ìdajì irú ewì bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ ọ́, ìdajì yòókù sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ, tó ń mí kanlẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tó sì ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó jókòó síwájú akéwì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1974, Ntozake Shange, ọ̀dọ́bìnrin aláwọ̀ dúdú kan, bẹ̀rẹ̀ sí í ké àwọn ewì kan pẹ̀lú àwọn oníjó àti olórin mélòó kan ní Bacchanal, ilé ọtí àwọn obìnrin nítòsí Berkeley ní ìpínlẹ̀ California. Níbẹ̀ àti ní àwọn ibi kéékèèké mìíràn ni ó ti ń tún wọn ṣe, tó ń rí èyí tó ń wọni lára àti èyí tó ń já sófo, títí wọ́n fi di eré tí a mọ̀ sí for colored girls, tí ó dé ilé eré Booth ní Broadway, àdúgbò àwọn ilé eré ńlá ní New York, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, tí wọ́n sì ṣe é níbẹ̀ ní ìgbà 742. Obìnrin méje ló wà nínú rẹ̀. Kò sí èyí tó ní orúkọ láàárín wọn, àwọ̀ aṣọ tí kálukú wọ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Ṣáájú rẹ̀, eré tí obìnrin aláwọ̀ dúdú kọ kò fi bẹ́ẹ̀ dé Broadway; ti Lorraine Hansberry ní ọdún 1959 ni àkọ́kọ́. Ẹ rí i pé inú yàrá tí àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́ jókòó sí ni iṣẹ́ yẹn ti gbó kí gbogbo ayé tó wá wò ó.

Ní ti orúkọ tí wọ́n fi ń pe ara wọn, women of color, ìyẹn àwọn obìnrin tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun, Loretta Ross, ajìjàgbara fún ẹ̀tọ́ obìnrin, ti sọ ìtàn rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú gbé àbá wọn lọ sí àpérò àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ní Houston ní oṣù Kọkànlá ọdún 1977. Àwọn obìnrin ẹ̀yà mìíràn tí wọn kò pọ̀ níye bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn náà wọ inú àbá náà, ó sì di dandan kí wọ́n wá orúkọ tí yóò gba gbogbo wọn. Orúkọ àdéhùn ni, kì í ṣe orúkọ ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1980, Barbara Smith àti Audre Lorde, àwọn òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú, wà lára àwọn tó dá ilé ìtẹ̀wé kan sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ yẹn kan náà, wọ́n sì pè é ní Kitchen Table, tábìlì ilé ìdáná, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èmi kò rí ìyapa nínú rẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ọmọ yín fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbi tí kò ti ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ ara rẹ̀. Bí ó bá gbà, ẹ bá a lọ, kí ẹ jókòó sẹ́yìn, kí ẹ má sì fi fóònù yà á.

Ìbéèrè: Mo tẹ̀lé ọ̀rẹ́ mi lọ síbi tí obìnrin kan ti ń ké ewì. Bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni àwọn kan ń tàka. Ojú tì mí fún un, nítorí mo rò pé wọ́n ń tàka ọ̀rọ̀ rẹ̀ dànù.

Ìdáhùn: Àánú obìnrin náà ṣe yín, ṣùgbọ́n ìyìn ni wọ́n ń fún un. Àtẹ́wọ́ máa ń bo ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ́lẹ̀, ìka títa kì í bò ó. Ẹni tí gbólóhùn kan bá dùn mọ́ lè fi í hàn láì dá akéwì dúró. Ìtàn kan tí wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ ni pé ilé kọfí kan ní New York ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn tó ń gbé lókè ti ń ráhùn nípa ariwo àtẹ́wọ́ lóru. Ní àárín àwọn akéwì aláwọ̀ dúdú, ẹ ó máa gbọ́ ohùn ẹnu náà pẹ̀lú, bí ìgbà tí ìjọ bá ń dá oníwàásù lóhùn, èmi sì fẹ́ràn èyíinì ju ìka lọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo kópa nínú slam, ìyẹn ìdíje ewì alohùn, fún ìgbà àkọ́kọ́. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Gbogbo ilé pariwo nígbà tí mo ṣe tán, síbẹ̀ máàkì mi kéré, wọ́n sì tún yọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n pè gbẹ̀yìn, tí ó dá mi lójú pé mo sàn jù wọ́n lọ, ló wọ ìpele kejì. Ṣé ojúsàájú kọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àbúrò mi, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ka máàkì ná. Marc Smith, òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ kan ní Chicago, ló gbé irú ìdíje yìí kalẹ̀, ilé orin jazz tí wọ́n ń pè ní Green Mill sì ni ó fi ṣe ibùjókòó rẹ̀ láti oṣù Keje ọdún 1986. Adájọ́ márùn-ún ni wọ́n máa ń yàn láàárín àwọn tó wá wòran, kò sì pọn dandan kí wọ́n mọ nǹkan kan nípa ewì. Kálukú wọn á fún ọ ní máàkì láti òdo títí dé mẹ́wàá, wọ́n á yọ èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù, wọ́n á sì ro mẹ́ta yòókù pọ̀, tí ó fi jẹ́ pé 30 ni ẹnikẹ́ni lè gbà mọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni àyè rẹ, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí wọ́n fi ń ṣàánú ènìyàn; bí o bá kọjá rẹ̀, ìdajì máàkì kan ni wọ́n ń yọ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan.

Mo fura pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ọ. Ariwo tí inú rẹ dùn sí yẹn wà nínú àkókò rẹ. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín tí o sì ń dúró kí ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀, aago kò dúró dè ọ́. Ewì tó bá gba ìṣẹ́jú mẹ́ta géérégé nínú yàrá rẹ yóò kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta níwájú àwọn ènìyàn, nítorí náà, ìṣẹ́jú méjì àti ogójì ìṣẹ́jú àáyá ni kí o fi ṣe òdiwọ̀n nígbà tí o bá ń dánra wò.

Ní ti pé wọ́n kọ́kọ́ pè ọ́, òótọ́ ni pé kò ṣeni ní àǹfààní. Bí alẹ́ bá ṣe ń lọ ni ọwọ́ àwọn adájọ́ máa ń tú, máàkì á sì máa gun òkè. Gbogbo àwọn tó ń ṣe slam ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń gbìyànjú láti tún un ṣe nípa kíkọ́kọ́ gbé ẹnì kan tí kò sí nínú ìdíje sórí ìtàgé, ẹni tí wọ́n ń pè ní akéwì ìrúbọ, kí àwọn adájọ́ lè fi tirẹ̀ dán ọwọ́ wò. Bí kò bá sí ẹni bẹ́ẹ̀ níbi tí o lọ, a jẹ́ pé ìwọ ni wọ́n fi rúbọ.

Má ṣe tìtorí rẹ̀ sá. Patricia Smith, obìnrin aláwọ̀ dúdú láti Chicago, ni aṣíwájú nínú ìdíje gbogbogbòò ti Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ọdún 2008 ni ìdíje àwọn obìnrin àgbáyé bẹ̀rẹ̀, Detroit ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, Dominique Christina sì gbà á ní ọdún 2012, ó tún gbà á ní 2014. Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ nífẹ̀ẹ́ sí fífi nọ́ńbà sórí ewì, ṣùgbọ́n mo gbà pé nọ́ńbà yẹn ló ń mú kí àwọn tí kò jẹ́ jókòó ti ewì láéláé wá jókòó títí di ọ̀gànjọ́ òru.

Ìbéèrè: Ó ti tó bí ọdún mẹ́rin tí mo ti ń ké ewì. Bí mo bá ké èyí tó dá lórí ayọ̀, tàbí ìfẹ́, tàbí òjò, wọ́n á pàtẹ́wọ́ níwọ̀nba. Bí mo bá ké èyí tí mo kọ nípa ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ọkùnrin kan, gbogbo ilé á dìde dúró. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá pè mí síbi ètò, ewì yẹn gan-an ni wọ́n máa ń dárúkọ. Oorun kì í kùn mí ní òru ọjọ́ tí mo bá ké e. Ṣé kí n jáwọ́ nínú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀, ó kéré tán fún ìgbà kan.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ láìṣẹ́jú nítorí pé òru tí ẹ kò lè sùn kì í ṣe ara owó tí wọ́n san. Mo ti sọ lókè pé ìdajì ewì alohùn wà lọ́wọ́ olùgbọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń korò nìyí: olùgbọ́ náà mọ ohun tí òun fẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá gbọ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú tàbí obìnrin tó sá kúrò nílùú ogun ti pinnu kí wọ́n tó jókòó pé ìyà ni yóò bá àwọn sọ. Wọ́n á sunkún, wọ́n á dìde, ọkàn wọn á fúyẹ́, wọ́n á wọ ọkọ̀ lọ sílé, ẹ̀yin ni ẹ ó sì wá gbé òru náà. Bí ó bá jẹ́ ìdíje, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí wọn ó fi máàkì lé e lórí, ẹ ó sì wá máa ṣírò bóyá ohun tó ṣe yín tó 9 tàbí ó tó 10.

N kò sọ pé kí obìnrin má sọ ohun tó ṣe é. Ìdákẹ́ ni àwọn tó ṣe é ń fẹ́. Ìyàtọ̀ tí mo ń wá ni ìyàtọ̀ láàárín egbò àti àpá. Àpá ṣeé fi han ènìyàn. Egbò tí a bá ń ṣí ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ kò ní jiná. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ èyí tí tiyín jẹ́, ṣùgbọ́n àìrí-oorun-sùn ti sọ díẹ̀ fún mi.

Ẹ wo ọgbọ́n tí àwọn kan ti dá. Ọ̀kan nínú àwọn ewì tí òkìkí Patricia Smith fi kàn ni èyí tó pè ní Skinhead. Nínú rẹ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kórìíra. Ọkùnrin òyìnbó tó kórìíra rẹ̀ ni. Ẹ fojú inú wò ó: obìnrin dúdú dúró nídìí máìkì, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìríra ọkùnrin yẹn, olùgbọ́ kò sì rí ibi tí yóò sá sí, nítorí kò sí ẹni tí wọ́n ní kí ó káàánú. Ìrora náà wà níbẹ̀ ní kíkún, ṣùgbọ́n ọwọ́ akéwì ni ìjánu rẹ̀ wà. Jean Binta Breeze, ọmọ Jàmáíkà tó kó lọ sí London ní ọdún 1985, tí ó sì jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ rinlẹ̀ nínú ewì dub, ìyẹn ewì tí ohùn rẹ̀ ń bá ìlù reggae rìn, gbé ti tirẹ̀ gba ibòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ kò fi àìsàn ọpọlọ tó ń bá a fínra pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, nígbà tó kọ ewì rẹ̀ tó lókìkí jù lọ nípa rẹ̀, obìnrin kan tó ń rìn kiri ìgboro Kingston ló gbé e lé lẹ́nu, obìnrin tó ní rédíò kan ń kọrin nínú orí òun, tí dókítà àti onílé sì ń gbìyànjú láti yọ ọ́ kúrò. Nígbà ayé rẹ̀, bí ó bá ń ké e, àwọn apá kan nínú rẹ̀ á di orin, àwọn olùgbọ́ á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á sì há mọ́ wọn lọ́rùn.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ padà sórí ewì yín lọ́jọ́ iwájú, ẹ dán an wò kí ẹlòmíràn máa sọ ọ́: aládùúgbò tó gbọ́, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ bí ẹ bá lè gbà á láyè lẹ́nu yín. Ẹ má tún jẹ́ kí ó kẹ́yìn ètò yín mọ́. Ẹ fi í sí àárín, kí ẹ sì ké ewì òjò lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ̀yin àti àwọn olùgbọ́ lè jọ jáde kúrò nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá sì pè yín, ẹ jẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀ pé ẹ̀yin ni yóò yan ohun tí ẹ ó ké. Ẹni tó bá bínú sí ìyẹn, ewì kan ṣoṣo ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe ẹ̀yin ló ń pè.

Kí ẹ má sì rò pé ayọ̀ kò lè gbé ilé dìde. Ní ọdún 1971, Nikki Giovanni gbé àwo kan jáde níbi tí ó ti ń ké ewì bí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ṣe ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, Ego Tripping, kò ní nǹkan méjì nínú ju kí obìnrin dúdú máa yangàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìbéèrè: Mo máa ń kólòlò. Mo kọ ewì dáadáa, àwọn olùkọ́ mi sì jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n n kò lè gbójú lé ahọ́n mi níwájú ènìyàn. Ìrántí mi kò sì dára, mo máa ń gbàgbé. Ṣé kí n fi kíké sílẹ̀ kí n máa kọ nìkan?

Ìdáhùn: Orúkọ mẹ́ta ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá fún ọ. Maya Angelou dákẹ́ fún nǹkan bí ọdún márùn-ún nígbà èwe rẹ̀, nítorí pé wọ́n pa ọkùnrin tó fi ipá bá a lò lẹ́yìn tó dárúkọ rẹ̀, ọmọ náà sì gbà pé ohùn òun ló pa á. Ohùn yẹn kan náà ni wọ́n pè síbi ìbúra Ààrẹ Clinton ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 1993. Sonia Sanchez, tí wọ́n bí ní Birmingham ní Alabama ní ọdún 1934, bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò lẹ́yìn tí ìyá àgbà tó ń tọ́ ọ kú, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Òun ni ẹ ń gbọ́ lónìí tó ń fi ìlù àti orin há àárín ọ̀rọ̀, tó ń fa ọ̀rọ̀ kan gùn títí yóò fi di ìró lásán. Amanda Gorman kò lè pe lẹ́tà R dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọdún, orin kan tí R pọ̀ nínú rẹ̀ láti inú eré Hamilton ni ó fi ń kọ́ ahọ́n rẹ̀. Ọmọ ọdún 22 ni nígbà tó dúró níwájú ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, níbi ìbúra Ààrẹ Biden, ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2021.

N kò sọ èyí kí o lè máa fi ara rẹ wé wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí o rí ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í rọrùn fún lẹ́nu máa ń mọ ìwúwo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ju ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń sáré lọ. Bí ọ̀rọ̀ kan bá máa ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ nígbà gbogbo, ìwọ lo kọ ewì náà, pààrọ̀ rẹ̀. Tàbí kí o fi ìdákẹ́ sí iwájú rẹ̀. Olùgbọ́ kò ní mọ̀ pé èémí lo ń wá, wọ́n á rò pé ọgbọ́n ni, yóò sì di ọgbọ́n lóòótọ́.

Ní ti ìrántí, Angelou àti Gorman ka tiwọn láti orí ìwé níwájú gbogbo ayé. Kò sí òfin tó kà á léèwọ̀. Tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá, kí o gé ìlà níbi tí wàá ti mí, kí o sì mọ ìlà àkọ́kọ́ àti ti ìgbẹ̀yìn sórí, kí ojú rẹ lè wà lára àwọn ènìyàn ní ibi méjèèjì yẹn. Má ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí máìkì bí àwọn olórin ti ń ṣe, nítorí ó máa ń mú kí ẹ̀rọ ohùn han gooro. Fi àyè bí ìbú ọwọ́ kan sí àárín rẹ̀ àti ẹnu rẹ.

Ìbéèrè: Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Kí a sòótọ́, púpọ̀ nínú ohun tí mò ń gbọ́ kò yàtọ̀ sí ariwo. Gbogbo wọn ló ń fi ohùn kan náà sọ̀rọ̀, wọ́n ń lo èdè ìgboro, bí ẹ bá sì tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, kò ní lè dúró. Kí ló wá dé tí a fi ń pè é ní lítíréṣọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọdún gbọọrọ, ọ̀gá. Ẹ̀sùn yín àkọ́kọ́ tọ̀nà. Ohùn kan wà tó ti ràn ká gbogbo slam, tí ń gun òkè ní ìdajì gbólóhùn, tí ń já bọ́ níparí rẹ̀, tí ẹ ó fi máa rò pé akéwì kan náà ló ń pààrọ̀ aṣọ. Àfarawé ni, ó sì ń sú àwọn akéwì tó mọṣẹ́ pàápàá.

Ní ti èdè ìgboro, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Kingston. Louise Bennett, tí gbogbo Jàmáíkà mọ̀ sí Miss Lou, ń kọ ewì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Lọ́jọ́ kan, ó wọ ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ó múra dáadáa, àwọn obìnrin ọlọ́jà tó jókòó sẹ́yìn sì rí i tó ń bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn pàṣẹ fún ẹnì kejì, ní Patwa, èdè ìgboro Jàmáíkà, pé kí ó tẹ́ ara rẹ̀ lọ bẹẹrẹ kí arẹwà yìí má bàa ráyè jókòó tì wọ́n. Ọmọ náà gbọ́ bí gbólóhùn yẹn ṣe ń fò, ó délé, ó sọ ọ́ di ewì, kò sì wẹ̀yìn mọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà kò kà á kún akéwì. Ìwé ìròyìn Gleaner ló kọ́kọ́ ń tẹ iṣẹ́ rẹ̀ déédéé, láti ọdún 1943, àwọn mẹ̀kúnnù sì ń kà á sókè fún ara wọn. Nígbà tí yóò fi kú ní ọdún 2006, orílẹ̀-èdè rẹ̀ ti fi oyè Order of Merit dá a lọ́lá. Bí ẹ bá tún ewì rẹ̀ kọ ní Gẹ̀ẹ́sì ilé ẹ̀kọ́, ìtumọ̀ á kù, ewì á ti lọ.

Ní ti dídúró nínú ìwé, mo ní ìbéèrè kan fún yín, ọ̀gá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ta ló ní ìwé náà lọ́wọ́ nígbà náà? Nígbà tí àwọn obìnrin wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀, ilé ìtẹ̀wé ńlá kò ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ìwé àkọ́kọ́ Sonia Sanchez, ní ọdún 1969, ọ̀dọ̀ Broadside ní Detroit ló ti jáde, ilé ìtẹ̀wé kékeré tí Dudley Randall, akéwì aláwọ̀ dúdú, dá sílẹ̀. Ìtàgé ni wọ́n fi ṣe ìwé. Nígbà tí ilẹ̀kùn sì ṣí, iṣẹ́ wọn wọlé: Elizabeth Acevedo, ọmọ àwọn ará Dominican tó ti inú slam wá, gba ẹ̀bùn National Book Award ti ìwé àwọn ọ̀dọ́ ní 2018 fún ìtàn kan tó fi ewì kọ, nípa ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ́ láti ké ewì ní gbangba. Síbẹ̀, n kò rò pé ewì tí kò bá lè dúró nínú ìwé ti jẹ̀bi. A kì í gbé ìlù lé òṣùwọ̀n kí a tó mọ̀ bóyá ó dún.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi fóònù gba ohùn akéwì tó wù mí sílẹ̀, kí n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, àṣẹ lórí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti ẹni tó kọ ìwé. Ó sì lè jẹ́ pé ó fi ọkàn tán àwọn ogójì ènìyàn tó wà nínú yàrá náà, tí kò sì fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ gbọ́.

Ìbéèrè: Ibo ni kí ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Bí ẹ bá fẹ́ràn orin, ẹ wá Jayne Cortez àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Firespitters, níbi tí Denardo ọmọ rẹ̀ ti ń lu ìlù, obìnrin yẹn kì í kọrin, kì í sì í sọ̀rọ̀ lásán. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbọ́ Joy Harjo ti ẹ̀yà Muscogee, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó di akéwì ìjọba àpapọ̀ wọn, láti ọdún 2019 sí 2022, tó máa ń dá ọ̀rọ̀ dúró láàárín láti fọn saxophone. Lillian Allen ní Kánádà wà níbẹ̀ fún ewì dub. Bí ó bá sì jẹ́ ohùn tó sún mọ́ ilé ni etí yín ń fẹ́, ẹ wá Titilope Sonuga, tó ké ewì níbi ayẹyẹ ìbúra ààrẹ Nàìjíríà ní ọdún 2015, tí ó sì di akéwì ìlú Edmonton ní Kánádà láti 2021 sí 2023. Ẹ má kọ́kọ́ wo fídíò. Ẹ pa iná, kí ẹ gbọ́ ohùn nìkan ná.